Ìwé Wo Ni Kí Olùdarí Ìtàn Tuntun Kọ́kọ́ Kà? Èrò Kan lórí Eré Oníìtàn ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ kan mu tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni ní ilẹ̀ Ìbàràpá gbé yẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ náà ni ti eré oníìtàn orí tábìlì. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe eré yìí. Ẹnì kan ni olùdarí ìtàn. Òun ni yóò ṣàpèjúwe ibi tí ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀ fún àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó jókòó yí tábìlì ká. Olúkúlùkù wọn ni ó ní ẹ̀dá-ìtàn kan tí ó dá fúnra rẹ̀, òun ni yóò sì sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn náà fẹ́ ṣe. Bí ohun tí ó fẹ́ ṣe bá le, yóò ju dáìsì, irú èyí tí wọ́n fi ń ta lúdò, láti mọ̀ bóyá yóò ṣeé ṣe. Olùdarí yóò wá sọ ohun tí ó tìdí rẹ̀ yọ, ìtàn yóò sì máa tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà ni eré yìí ti kọ́kọ́ gbòde, ní ọdún 1974, nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde. Ní ọdún 1979, Gygax ṣe ìwé kan fún àwọn olùdarí ìtàn. Ní ẹ̀yìn ìwé náà ni ó to orúkọ àwọn òǹkọ̀wé tí ó lé ní ogún sí, pé àwọn ni ìwé wọn ta òun jí. J. R. R. Tolkien wà níbẹ̀. Robert E. Howard, Fritz Leiber àti Jack Vance náà wà níbẹ̀. Kò sí òǹkọ̀wé Yorùbá kankan nínú wọn. Ẹ̀bi Gygax kọ́ nìyẹn. Ohun tí ó kà ní èdè tirẹ̀ ni ó tọ́ka sí. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ohun tí ó ṣe ni pé kí olùdarí ìtàn mú ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni tí ó wà ní Lánlátẹ̀ bá lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní Ẹ̀rùwà tàbí Igbó-Ọrà, tí ó sì fẹ́ dá eré yìí sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ Yorùbá ilé-ẹ̀kọ́ náà, ìwé wo ni kí ó kọ́kọ́ kà? Ìdáhùn tí ó yá ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé kí ó ka Fágúnwà. Ìdáhùn náà dára, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Kì í ṣe gbogbo ìwé Fágúnwà ni ó bá iṣẹ́ yìí mu bákan náà, kì í sì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n fún ìdánwò ni ó yẹ kí olùdarí ìtàn kà wọ́n.

Ìwé tí olùdarí kà ni òfin eré rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orúkọ iwin àti ẹranko abàmì nìkan ni olùdarí ìtàn ń rí yá nínú ìwé. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìwé tí ó kà ni yóò pinnu ohun tí ó ṣeé ṣe àti ohun tí kò ṣeé ṣe nínú eré rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà yé ni. Nínú ìwé The Dying Earth tí Jack Vance kọ ní ọdún 1950, oṣó gbọ́dọ̀ há ọ̀rọ̀ agbára sórí kí ó tó jáde nílé. Ní kété tí ó bá lò ó tán, ọ̀rọ̀ náà yóò pòórá lórí rẹ̀, àfi bí ó bá tún un há. Gygax mú èyí, ó sì sọ ọ́ di òfin eré. Bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ káàkiri ayé ṣe wá gbà pé báyìí ni agbára oṣó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, láìmọ̀ pé inú ìwé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ti wá.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọfọ̀ ṣe rí lójú Yorùbá. Ọfọ̀ kì í parẹ́ lórí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó gbé agbára rẹ̀ ró ni ìmọ̀ orúkọ àti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nǹkan. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ ìkọ̀kọ̀ ohun kan àti ibi tí ó ti ṣẹ̀ ni ó lè pàṣẹ fún un. Bí olùdarí bá fi èyí ṣe òfin eré rẹ̀, ọmọ tí ó fẹ́ kí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ la odò kọjá kò kàn ní sọ pé òun lo oògùn, kí ó sì dákẹ́. Yóò ní láti gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó ní àwítúnwí àti àfiwé nínú, tí ó sì fi ìwà omi hàn, kí ó tó ju dáìsì. Àwítúnwí, àfiwé àti ìfọ̀rọ̀dárà tí àwọn ọmọ ń há sórí nítorí ìdánwò yóò di ohun tí wọ́n nílò kí wọ́n lè la odò kọjá. Èrè tí ó wà nínú yíyan ìwé ilé nìyí, ó sì ju ọ̀rọ̀ ìfẹ́ èdè abínibí lọ.

Apàlọ́ mọ òpin, olùdarí ìtàn kò mọ̀ ọ́n

Ẹlòmíràn lè sọ pé àlọ́ náà ni eré yìí, pé àwọn òyìnbó kàn tún un sọ lórúkọ ni. Wọ́n jọra lóòótọ́. Ẹnì kan ni ó ń ṣíwájú nínú méjèèjì, àwùjọ sì ń kópa. Ṣùgbọ́n nínú àlọ́ àpagbè, bí ó ti wù kí agbálọ̀ọ́ gbe orin tó, Ìjàpá yóò ṣe ohun tí Ìjàpá máa ń ṣe. Apàlọ́ mọ òpin ìtàn kí ó tó la ẹnu. Nínú eré oníìtàn, olùdarí kò mọ òpin. Bí àwọn tí ó jókòó bá sọ pé àwọn kò bá iwin jà, pé ńṣe ni àwọn fẹ́ bá a dọ́rẹ̀ẹ́, ìtàn gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ lọ.

Nítorí náà, kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìwé ni olùdarí tuntun ń wá. Olùdarí tí ó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ tẹ̀lé ìtàn Fágúnwà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ṣe eré. Ìwé kíkà ni ó ń ṣe, àwọn ọmọ yóò sì tètè mọ̀ pé ohun tí àwọn sọ kò yí ohunkóhun padà. Ohun tí ó ń wá ni ibùdó ìtàn, àwọn ẹnubodè, àwọn aṣọ́nà, àti irú ènìyàn tí ó lè rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Èyí ni ó bí ìbéèrè mẹ́ta tí ó yẹ kí ó bi ìwé kọ̀ọ̀kan. Ǹjẹ́ àyè wà nínú rẹ̀ fún ju akọni kan lọ? Ǹjẹ́ àwọn ibi inú rẹ̀ béèrè ìpinnu, àbí ìjà nìkan? Ǹjẹ́ èdè rẹ̀ dùn létí bí a bá kà á sókè?

Àwọn ìwé tí ó yẹ, àti bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn

Bí a bá fi ìbéèrè mẹ́ta yìí wọn àwọn ìwé, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti ọdún 1938 ni ó yẹ kí ó síwájú, pàápàá apá tí ọba ti rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Nínú ìrìn-àjò Àkàrà-Oògùn ìṣáájú, òun nìkan ni ó dá wọ igbó. Ṣùgbọ́n nígbà ìrìn-àjò Láńgbòdó, wọ́n di méje, ohun tí olúkúlùkù mọ̀ ọ́n ṣe sì yàtọ̀. Kàkò ní agbára àti kùmọ̀. Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n. Ọlọ́hùn-Iyọ̀ ní orin àti ìlù. Elégbèdè-Ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Ẹ̀fọ́ìyẹ́ mọ ọfà ta, Àràmàdà-Okùnrin sì jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kò sí ìwé òyìnbó tí ó lè fi han olùdarí tuntun ju báyìí lọ bí ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò ṣe yẹ kí ó rí. Kí olúkúlùkù ní ohun kan tí ẹlòmíràn kò ní, kí olórin má sì kéré sí alágbára.

Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ti ọdún 1954 ni ó tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ ọdẹ náà ni wọ́n kó ara wọn jọ nínú rẹ̀, tí wọ́n ń lọ sí Òkè Ìrònú. Ohun tí ó sọ ìwé yìí di ìwé olùdarí ni àwọn ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà, pàápàá Èdìdàré, ìlú àwọn òmùgọ̀. Ìlú tí ìwà rẹ̀ dojú rú dára fún eré ju ẹranko olórí mẹ́ta lọ, nítorí pé ìlú kò ṣeé fi àdá ṣá. Àwọn ọmọ yóò ní láti ronú bí wọn yóò ṣe bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀.

Igbó Olódùmarè ti ọdún 1949 wúlò fún ohun mìíràn. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn Olówó-Ayé nìkan ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú Èṣù-kékeré-òde ní ẹnu ọ̀nà igbó jẹ́ ẹ̀kọ́ pàtàkì nípa aṣọ́nà. Kí wọ́n tó wọ̀yá ìjà, ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi jà. Olùdarí tí ó bá ka ibẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì yóò mọ bí aṣọ́nà ṣe ń fọ́nnu, bí ó ṣe ń béèrè orúkọ àti ìdí ìrìn, àti bí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ ṣe lè fèsì.

Lẹ́yìn Fágúnwà, kí ó kan J. Ògúnṣínà Ògúndélé, tí ó gbé Ibú Olókun àti Èjìgbèdè Lọ́nà Ìsálú-Ọ̀run jáde ní ọdún 1956. Ìwé méjèèjì yìí mú ìrìn-àjò kúrò nínú igbó lọ sí ìsàlẹ̀ omi àti sí òkè ọ̀run, kí olùdarí má baà rò pé igbó nìkan ni ìyanu ń gbé. The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutùọlá kọ ní ọdún 1952 náà yẹ ní kíkà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtàn náà gba ojú ìran eré Yorùbá lọ́nà tí ó wọni lára, nígbà tí ẹgbẹ́ Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣe é ní Ìbàdàn ní ọdún 1963.

Ìrèké Oníbùdó ti ọdún 1949 àti Àdììtú Olódùmarè ti ọdún 1961 kò yẹ kí ó ṣíwájú. Kì í ṣe pé wọn kò dára. Kádàrá ẹnì kan ṣoṣo ni ó so ìtàn kọ̀ọ̀kan pọ̀, olùdarí tuntun tí ó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò fi ọmọ kan ṣe akọni, àwọn yòókù yóò sì di ẹlẹ́rù. Ní ti Tolkien, kò sí èèwọ̀ nínú kíka ìwé rẹ̀, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ lẹ́yìn tí olùdarí ti ní igbó tirẹ̀.

Ohun tí olùdarí kò gbọdọ̀ gbé mì

Yíyan ìwé kì í ṣe gbígbé gbogbo inú rẹ̀ mì. Ọkùnrin ni àwọn ọdẹ méjèèje. Nígbà tí wọ́n wá pe Kàkò sí ìrìn-àjò, ìyàwó rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn pé kí ó má lọ, Kàkò sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ka ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé àpèjúwe ìgboyà lásán ni. Olùdarí ìtàn kò lè kà á kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọbìnrin yóò jókòó síwájú rẹ̀. Níbí gan-an ni eré ti lè ṣe ohun tí ìwé kò lè ṣe. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dé ẹnu ọ̀nà Kàkò, kí obìnrin náà dúró níbẹ̀, kí ó sì sọ tẹnu rẹ̀. Kí ni wọn yóò ṣe? Ṣé wọn yóò fi Kàkò sílẹ̀? Ṣé obìnrin náà yóò bá wọn lọ? Bí ọmọbìnrin kan bá sọ pé òun ni yóò jẹ́ ọdẹ, tàbí pé òun ni Ìmọ̀dòye, kò sí òfin tí ó dí i lọ́wọ́.

Ohun kejì ni ìwàásù. Fágúnwà fẹ́ràn láti dá ìtàn dúró kí ó gba òǹkàwé níyànjú, àwọn ọdẹ sì lo ọjọ́ méje lọ́dọ̀ Ìrágbèje kí wọ́n lè gbọ́ ẹ̀kọ́. Ó yẹ òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ olùdarí ìtàn. Àbájáde ohun tí ọmọ yàn nínú eré ti tó o ní ẹ̀kọ́.

Ohun kẹta kan ilẹ̀ Ìbàràpá ní tààrà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn lóru. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ilé. Ọmọ tí ó dàgbà ní àgbègbè yìí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ igbó bí ọmọ ìgboro ṣe ń gbọ́ ọ. Ọ̀nà oko bàbá rẹ̀ ni igbó jẹ́ fún un, ó sì lè jẹ́ ibi tí ẹnìkan gbà lọ tí kò padà. Olùdarí tí kò bá ro èyí lè fi eré dá ẹ̀rù sí ọmọ lára. Kí ó má ṣe fi agbébọn tàbí ajínigbé ṣe iwin rẹ̀. Kí ó má sì ṣe fi ẹ̀yà kankan ṣe ọ̀tá nínú eré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí láti sá fún ìwé igbó nìyí. Ìtàn Láńgbòdó jẹ́ ìtàn àwọn ènìyàn tí wọ́n wọ igbó papọ̀ nítorí àlàáfíà ìlú wọn. Ọmọ tí ẹ̀rù igbó ń bà lè rí i níbẹ̀ pé ènìyàn lè ronú nípa ẹ̀rù rẹ̀ láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sì yan ohun tí òun yóò ṣe.

Bí ó ṣe lè rí ní Ìbàràpá

Ìlú méje ni Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà, Ìgàngàn, Ẹ̀rùwà àti Lánlátẹ̀. Méje náà ni àwọn ọdẹ Láńgbòdó. Olùdarí lè pa méjèèjì pọ̀, kí ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan ti ìlú kan wá, kí àwọn ọmọ sì lọ béèrè oríkì ìlú náà lọ́wọ́ àwọn àgbà nílé. Ìbejì tí Igbó-Ọrà fi lókìkí lè di ẹ̀dá-ìtàn méjì tí ọmọ méjì ń darí. Odò Òpèkí àti odò Ọ̀fìkì lè jẹ́ ẹnubodè tí ó ní aṣọ́nà.

Iye akẹ́kọ̀ọ́ kò sì gbọdọ̀ dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Níbi tí ọgọ́ta ọmọ bá wà nínú kíláàsì kan, kí a pín wọn sí ọ̀nà méje, kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dá-ìtàn kan. Wọn yóò gbìmọ̀ ní Yorùbá, agbẹnusọ wọn yóò sì dìde sọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Dáìsì lúdò méjì ti tó. Àwọn kan lè fẹ́ fi owó ẹyọ dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn kí wọ́n fi owó ẹyọ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìdáfá ni wọ́n ń ṣe.

Àríwísí méjì àti èsì wọn

Àríwísí kìíní ni pé àkókò kò sí. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Àwọn kan wá ń sọ pé ìwọ̀nba àkókò tí ó kù fún Yorùbá kò yẹ fún eré. Òdìkejì rẹ̀ ni ó tọ́. Bí èdè bá pàdánù àyè rẹ̀ nínú kíláàsì, ó gbọ́dọ̀ wá àyè mìíràn níbi tí àwọn ọmọ ti fẹ́ràn láti wà. Wákàtí kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀, tí ọmọ fi Yorùbá bẹ aṣọ́nà, tí ó fi dúnàádúrà, tí ó sì fi jiyàn, kì í ṣe wákàtí tí ó ṣòfò.

Àríwísí kejì ti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn wá, pé ọ̀rọ̀ iwin kò yẹ ọmọ onígbàgbọ́ tàbí ọmọ mùsùlùmí. Ó yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn. Onígbàgbọ́ ni Fágúnwà. Olùkọ́ ni, St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ ni ó ti kọ́ṣẹ́, ilé-ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ni ó sì kọ́kọ́ tẹ Ògbójú Ọdẹ jáde. Wọn kò rí ìtàn gẹ́gẹ́ bí ìbọ. Síbẹ̀, ó yẹ kí olùdarí sọ ohun tí eré náà jẹ́ fún àwọn òbí àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ hun fúnra wọn ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ọfọ̀ gidi tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àgbà.

Ìkádìí

Ìwé tí olùdarí ìtàn tuntun bá yàn ni ilẹ̀ tí àwọn ọmọ yóò tẹ̀. Bí ó bá yan ti òkèèrè nìkan, wọn yóò máa sọ Yorùbá nínú igbó tí kò mọ Yorùbá. Bí ó bá yan ti ilé, tí ó sì kà á bí ẹni tí ń wá ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe bí ẹni tí ń wá ìdáhùn ìdánwò, yóò rí ohun tí ó pọ̀ mú lò. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ṣí Ògbójú Ọdẹ sí ibi tí ọba ti ń ránṣẹ́ sí àwọn ọdẹ. Kí ó ka apá náà tán, kí ó kọ orúkọ àwọn méje sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí olúkúlùkù mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó sì pa ìwé dé. Ibi tí ìtàn yóò parí sí di ọwọ́ àwọn ọmọ.